Ilé Bàbá Tí Kò Ṣeé Pín: Ogún Àjùmọ̀ní àti Ìlàjà Ẹbí ní Àríwá Èkìtì

Ní Ìfìsìn-Èkìtì àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká, láti Ìdó títí dé Ùsì, Ìfàkì, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ nípa ogún ni pé ó ń tú ẹbí ká, àwọn tí ó sì ń sọ bẹ́ẹ̀ kò parọ́, nítorí pé ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì láti ìgbà tí bàbá ti kú, tí àwọn ọmọ kò fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí yóò máa gbé inú rẹ̀, kò ṣọ̀wọ́n rárá. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ pípetù sí aáwọ̀ ẹbí, ìbáà jẹ́ agbẹjọ́rò, ìjòyè àdúgbò, àlùfáà tàbí àgbà tí gbogbo ilé fọkàn tán, mọ ohun mìíràn tí a kì í sábà gbọ́ lẹ́nu aráyé. Wọ́n mọ̀ pé ọgbẹ́ náà ti wà kí ogún tó dé, pé ikú bàbá ni ó kàn ṣí aṣọ kúrò lórí rẹ̀, àti pé ogún kan náà, pàápàá èyí tí kò ṣeé pín, ni ó sábà máa ń jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ó kù tí ó lè mú kí àwọn ọmọ bàbá kan tí wọn kì í kí ara wọn mọ́ jókòó sínú iyàrá kan náà. Bí ìjókòó bẹ́ẹ̀ ṣe ń di ìlàjà ni àròkọ yìí ń tọ́ka sí, ohun tí ó sì dúró lé lórí ni pé ìṣirò àti ìjẹ́wọ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú ìpín, nítorí pé ẹbí tí ó bá kọ́kọ́ pín nǹkan kí ó tó sọ òtítọ́ fún ara rẹ̀ yóò pín ìjà mọ́ ọn.

Ogún àjùmọ̀ní, tí àwọn amòfin ń pè ní ohun-ìní ẹbí, ni ilé, ilẹ̀ tàbí oko tí ẹni tí ó kú láìkọ ìwé ìhágún fi sílẹ̀, èyí tí ó di ti gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ lápapọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fi lè tà á, kí ó fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, tàbí kí ó ya apá kan nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá tíì pín in. Olórí ẹbí, ẹni tí ó sábà máa ń jẹ́ ọmọkùnrin àgbà tí ó wà láàyè, tí a ń pè ní dáwódù, ni ó ń bójú tó o fún gbogbo ilé, kì í sì í ṣe tirẹ̀. Nínú ilé olóbìnrin púpọ̀, àwọn ọmọ pín sí oríṣi méjì: àwọn ọmọ ìyá, tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà, àti àwọn ọbàkan, tí bàbá nìkan pa wọ́n pọ̀. Láàárín àwọn ọbàkan ni ọ̀pọ̀ ìjà ogún ti ń ṣẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà, nítorí pé orogún ni àwọn ìyá wọn, ohun tí àwọn ìyá kò lè sọ jáde nígbà ayé ọkọ wọn ni àwọn ọmọ máa ń sọ lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni àṣà Yorùbá mọ̀ fún pípín ogún. Ti àkọ́kọ́ ni ìdí-igi, nínú èyí tí a ó pín ohun tí òkú fi sílẹ̀ ní iye ìdí àwọn ìyàwó tí ó bímọ fún un, tí àwọn ọmọ ìdí kọ̀ọ̀kan yóò wá pín tiwọn láàárín ara wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo ni ìdí kan ní tí ìdí kejì sì ní márùn-ún. Èkejì ni orí-ò-jorí, nínú èyí tí a ó ka orí àwọn ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ìpín yóò sì dọ́gba. Ẹjọ́ tí ó fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ nínú òfin Nàìjíríà ni ti ogún Suberu Dawodu, ọkùnrin ará Èkó kan tí ó kú ní ọdún 1940 láìkọ ìwé ìhágún, tí ó fi ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin. Adájọ́ àkọ́kọ́ sọ pé ìdí-igi ti di àṣà àtijọ́ tí kò bá ẹ̀tọ́ mu, ó sì ní kí wọ́n pín ogún náà ní orí-ò-jorí. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti àpapọ̀ nígbà náà yí ìdájọ́ yẹn padà ní 1958, ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù sì fọwọ́ sí ìyípadà náà ní 1962. Ọdún 22 ni ó wà láàárín ikú ọkùnrin náà àti ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí ohun tí ó fi sílẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí ó kú ti tó ẹni tí ń gbé ìyàwó kí ẹjọ́ náà tó parí.

Apá kan wà nínú ìdájọ́ náà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin máa ń kà kọjá, tí ó sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà fún onílàjà. Ilé ẹjọ́ gbà pé ìdí-igi ni àṣà, ṣùgbọ́n ó tún gbà pé olórí ẹbí lè yan orí-ò-jorí bí ó bá rí i pé ìdí-igi yóò dá ìjà sílẹ̀. Èyí já sí pé àwọn baba ńlá tí ó gbé àṣà náà kalẹ̀ kò rò pé ìpín kan ṣoṣo ni ó tọ́ fún gbogbo ilé lọ́jọ́ gbogbo, àti pé àlàáfíà ẹbí jẹ́ ìdí tí ó tó láti yí ọ̀nà ìpín padà. Olórí ẹbí tí ó bá mọ èyí kò ní dúró sórí ọ̀kan bí ẹni tí ó dúró sórí ẹ̀mí rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ béèrè ohun tí ń dun àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ohun tí ń dùn wọ́n ní àríwá Èkìtì ní orísun tí a lè tọ́ka sí. Kòkó ni ó gbé owó wọ agbègbè náà, ilé-ẹ̀kọ́ sì ni ó ná an. Kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, òbí ni ó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá, títí di 1979 tí ìjọba ẹgbẹ́ UPN sọ ilé-ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tí Èkìtì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ sí irú ilé-ẹ̀kọ́ bíi Christ's School ní Adó-Èkìtì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1933, ní láti wá owó náà. Agbẹ̀ tí ó ní ọmọ mẹ́wàá kò lè rán mẹ́wàá. Ó yan ọ̀kan tàbí méjì, àwọn yòókù tẹ̀ lé e lọ sí oko, bí owó kò bá sì tó, ó fi oko kòkó dógò, ìyẹn ni pé ó yá owó, ẹni tí ó yá a lówó sì ń kórè oko náà títí wọn yóò fi san gbèsè. Ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n tí Èkìtì fi ń yangàn ni wọ́n tọ́ jáde báyìí, lórí ẹ̀yìn àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí kò rí ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀.

Nígbà tí bàbá bá kú, gbèsè yìí ni ó máa ń jókòó sí àárín agbo láìsí ẹni tí ó dárúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ yóò dé láti Ìbàdàn tàbí láti òkè òkun, yóò béèrè ìpín tirẹ̀ nínú oko gẹ́gẹ́ bí ọmọ, òfin yóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó dúró ti bàbá nínú oko fún ogójì ọdún yóò sọ pé ìpín ẹni náà ti tán, pé ilé-ẹ̀kọ́ ni ó fi jẹ ẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ yóò rántí pé òun ni òun fi páànù bo ilé náà, tí òun sì sanwó ilé ìwòsàn títí bàbá fi kú. Ẹnì kejì yóò rántí pé òun ni òun ń gbé bàbá wọ balùwẹ̀. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, ibẹ̀ sì ni ilé ẹjọ́ kò ti lè ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí pé adájọ́ lè pín eékà ilẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní òṣùwọ̀n tí yóò fi wọn ìgbà èwe tí ènìyàn lò nídìí kòkó kí ẹlòmíràn lè kàwé. Àwọn tí ó ti bá irú ẹbí bẹ́ẹ̀ jókòó mọ̀ pé owó kọ́ ni ó máa ń parí ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ tí ẹni tí ó kàwé bá dìde níwájú àwọn ọmọ ẹni tí kò kàwé, tí ó sì sọ ọ́ ní gbangba pé bàbá yín ni ó rán mi ní ilé-ẹ̀kọ́, pé n kò sọ ọ́ rí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú, ni ìjà náà máa ń rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹni tí ó wà lóko fúnra rẹ̀ sábà máa ń sọ pé kí wọ́n má yọ ẹ̀gbọ́n òun sílẹ̀ nínú ìpín.

Ilẹ̀ àti igi tí ó wà lórí rẹ̀ tún ń mú ìyàtọ̀ wá. Nínú àṣà ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ jẹ́ ti ìran, igi kòkó tàbí obì sì jẹ́ ti ẹni tí ó gbìn ín àti ti àwọn ọmọ rẹ̀. Peter Lloyd, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá tí ó tẹ ìwé lórí òfin ilẹ̀ Yorùbá jáde ní 1962, tí ó sì fi Adó-Èkìtì ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìlú mẹ́rin tí ó yẹ̀ wò, ṣàkíyèsí pé ní Èkìtì, ìran bàbá nìkan ni a fi ń ka ẹni tí ó ni ilẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ní Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, ọmọ lè jogún ilẹ̀ láti ìhà ìyá náà. Láti ibi ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ìbànújẹ́ àwọn ọmọbìnrin Èkìtì ti wá, a ó sì tún padà sí i. Fún àsìkò yìí, ó tó láti sọ pé agboolé kan lè ní ilẹ̀ tí baba ńlá fi sílẹ̀, oko kòkó tí bàbá gbìn sórí rẹ̀, àti ilé tí àwọn ọmọ kọ́ pọ̀, tí òfin mẹ́ta tí ó yàtọ̀ sì ń darí wọn. Bí onílàjà kò bá kọ́kọ́ ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, yóò máa rò pé oníjà ni àwọn ènìyàn náà nígbà tí ó jẹ́ pé wọn kò sọ̀rọ̀ lórí ohun kan náà.

Iṣẹ́ ìlàjà tí ó yọrí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó dà bí ẹni pé kò ní ìmọ̀lára kankan, ìyẹn ni kíkọ orúkọ. A ó kọ orúkọ gbogbo ìyàwó bàbá, àwọn tí ó ti kú àti àwọn tí ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀, a ó kọ orúkọ gbogbo ọmọ, títí kan àwọn tí ó kú ní kékeré àti àwọn tí wọ́n bí síta, a ó sì kà á sókè ní etí gbogbo ènìyàn. Bí ó ti rọrùn tó nìyí, síbẹ̀ ó máa ń mú kí àgbàlagbà sunkún, nítorí pé àwọn kan wà tí ó ti pé àádọ́ta ọdún tí wọn kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ka orúkọ ìyá wọn mọ́ ti àwọn ìyàwó ilé. Ọmọ tí wọ́n bí síta ní ẹ̀tọ́ nínú ogún bí bàbá bá ti jẹ́wọ́ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ohun tí ó sì máa ń béèrè ní ìjókòó àkọ́kọ́ kì í sábà ju pé kí wọ́n gbà pé ọmọ ilé ni òun lọ.

Lẹ́yìn orúkọ ni ìṣirò. Olórí ẹbí yóò sọ iye tí ó gbà lọ́wọ́ àwọn ayálégbé, iye ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn ohun tí àwọn àlejò tí ń dáko lórí ilẹ̀ ẹbí ń san lọ́dọọdún, àti ilẹ̀ tí ó bá ti tà, fún ta, ní èló. Àwọn olórí ẹbí kan máa ń rí ìbéèrè yìí gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀sí sí àgbà, ṣùgbọ́n láti 1937, nínú ẹjọ́ ìdílé Kòsọ́kọ́, ni ilé ẹjọ́ ti sọ pé ó sàn kí olórí ẹbí máa kọ ìṣirò sílẹ̀ ju kí ó máa ná owó ẹbí bí ó ti wù ú lọ. Ó tún ti jẹ́ òfin láti 1959 pé bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí ìfọwọ́sí àwọn àgbà ìdí kọ̀ọ̀kan, àwọn yòókù lè lọ yí títà náà padà ní ilé ẹjọ́, àti pé bí ọmọ ilé kan bá tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni títà náà jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ète ìṣirò nínú ìlàjà kì í ṣe láti mú olè. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, nígbà tí a bá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, a máa ń rí i pé olórí ẹbí tí gbogbo ilé ń fura sí ti fi owó ara rẹ̀ sanwó agbẹjọ́rò, tí ó sì ti fi owó ara rẹ̀ sin òkú méjì tí kò sí ẹni tí ó dá owó fún. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó jẹ owó náà lóòótọ́, iye tí a mọ̀ ṣeé dárí jì. Iye tí a kò mọ̀ ni ó máa ń dàgbà nínú ọkàn àwọn tí kò sí nílé.

Òwe kan wà pé bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré, àwọn àgbà sì fẹ́ràn láti máa pa á ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé ẹbí kí wọ́n lè yára dé ibi ìpín. Òwe rere ni, ṣùgbọ́n ó ní àkókò tirẹ̀. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè gbàgbé ohun tí wọn kò tíì jẹ́ kí ó sọ, onílàjà tí ó bá sì jẹ́ kí wọ́n fi òwe yìí pa ẹnu àbúrò mọ́ ti sọ ara rẹ̀ di alátìlẹ́yìn ẹni tí ó lágbára jù nínú ilé.

Ilé bàbá ni ó ní agbára jù nínú gbogbo ohun tí a lè jùmọ̀ jogún, agbára náà sì wá láti inú pé kò ṣeé gé sí wẹ́wẹ́. Nínú ilé alámọ̀ àtijọ́ ní Ìfìsìn àti àwọn ìlú ẹgbẹ́ rẹ̀, inú ilé tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sin àwọn àgbà sí, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ ta ilé gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe sí ibojì bàbá rẹ̀, ìbéèrè tí ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ètò títà rẹ́ ni èyí. Ní ìdàkejì, ilé tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣe yóò wó, gbogbo àwọn tí ó ni ín yóò sì jùmọ̀ jẹ ìtìjú rẹ̀ lójú àdúgbò. Láàárín pé wọn kò lè tà á àti pé wọn kò lè jẹ́ kí ó wó, kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí wọ́n pe ara wọn. Àtúnṣe òrùlé ti la ẹbí púpọ̀ níjà ju ìwàásù lọ: ìdí kọ̀ọ̀kan yóò dá owó, ẹni tí kò lówó yóò mú káfíńtà wá tàbí kí ó máa dúró ti àwọn òṣìṣẹ́, wọn yóò yan akọ̀wé, wọn yóò ṣí àkáǹtì ní báńkì tí ọmọ ìdí méjì tí ó yàtọ̀ yóò máa buwọ́ lù pọ̀, nígbà tí òrùlé bá sì parí, wọn yóò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́fà lórí ohun tí kì í ṣe ìjà.

Ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí ilé tí kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ hàn nínú ìtàn ilé Ilọ́jọ̀ tí ó wà tẹ́lẹ̀ ní gbàgede Tinúubú ní Èkó. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn Yorùbá tí ó ti oko ẹrú Brazil padà wálé, ni ó mú irú ọnà ilé náà wá sí Èkó, ìdílé Fernandez ni ó sì ni ín ní ìbẹ̀rẹ̀ láti 1855. Ní àwọn ọdún 1930 ni Alfred Omolona Olaiya, ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ní agbègbè Ìkọ̀lé, rà á, tí ó sì fún un ní orúkọ Ilọ́jọ̀ láti rántí ilé. Ìdílé ńlá ni; Victor Olaiya, olórin tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, jẹ́ ẹni 20 nínú ọmọ 24. Ìjọba sọ ilé náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o lulẹ̀, lójú àtakò àjọ tí ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ìwé ìjọba nìkan kò lè gba ilé ẹbí là, bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ àwọn kan nínú ẹbí kò lè gbà á là, bí kò bá sí ìwé tí gbogbo àwọn tí ó ni ín jọ buwọ́ lù, tí ó sọ ẹni tí yóò máa tún un ṣe, ibi tí owó yóò ti wá, àti ẹni tí a gbọ́dọ̀ bi kí òòlù tó kan ògiri. Ọkùnrin kan gbé orúkọ àdúgbò rẹ̀ láti àríwá Èkìtì lọ kọ́ sí àárín Èkó, ó sì wà níbẹ̀ fún ohun tí ó ju ọgọ́rin ọdún lọ. Ó ṣòro láti ka irú àdánù bẹ́ẹ̀ sí ti ìdílé kan ṣoṣo.

Nǹkan ti ń yí padà ní àríwá Èkìtì fúnra rẹ̀. Láti 2011 tí wọ́n ti dá Yunifásítì Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, tí ó sì ní ọgbà mìíràn ní Ìkọ̀lé, àti pẹ̀lú ilé ìwòsàn ìkọ́ni tí ìjọba àpapọ̀ ní sí Ìdó, ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ti fi sílẹ̀ fún igbó ti di ohun tí àwọn ènìyàn ń wá láti fi kọ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́ àti ilé ìgbé òṣìṣẹ́. Owó yìí ti dá ìjà tuntun sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún ti mú kí àwọn ọmọ tí kò bọ̀ wálé fún ìsìnkú bọ̀ wálé fún ilẹ̀. Àwọn kan ń fi èyí bú wọn, èébú náà sì yé ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìlàjà kò gbọ́dọ̀ gàn ohun tí ó gbé ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí owó mú wá lè pàdé àbúrò rẹ̀ níbẹ̀, kí ó sì rí i pé irun ti funfun lórí ẹni tí òun fi sílẹ̀ ní ọmọdé. Ẹbí tí ó gbọ́n kì í tà. Ó máa ń fi ilẹ̀ náà háyà fún iye ọdún kan, kí owó tí ń wọlé lọ́dọọdún lè máa pe àwọn ọmọ jọ lọ́dọọdún.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìdílé aláwọ̀ dúdú, pàápàá àwọn Gullah ní etíkun South Carolina, ní ilẹ̀ tí baba ńlá wọn rà lẹ́yìn tí oko ẹrú parí, tí wọ́n sì jùmọ̀ jogún láìsí ìwé ìhágún gẹ́gẹ́ bí ti Èkìtì. Òfin wọn gbà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìpín kékeré nínú rẹ̀ láti tà á fún àlejò, àlejò náà sì lè lọ sí ilé ẹjọ́ kí wọ́n ta gbogbo ilẹ̀ náà ní gbàǹjo. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe pàdánù ilẹ̀ wọn. Ní 2010 ni àwọn amòfin ibẹ̀ kọ àwòkọ́ṣe òfin kan, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti gbà wọlé, èyí tí ó fún àwọn ìbátan ní àǹfààní láti kọ́kọ́ ra ìpín ẹni tí ó fẹ́ kí wọ́n tà kí ilé ẹjọ́ tó pàṣẹ títà. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń wá padà pẹ̀lú òfin ni ohun tí àṣà Yorùbá kò tíì sọ nù: pé ẹnì kan kò lè dá ta ilé bàbá. Ó yẹ kí àwọn ọmọ Èkìtì tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, tí wọ́n máa ń sọ pé ohun-ìní ẹbí ń fa ọwọ́ ìdàgbàsókè sẹ́yìn, mọ iye tí àìní irú ìdènà bẹ́ẹ̀ ti ná àwọn ẹlòmíràn.

Kì í ṣe gbogbo ọgbẹ́ ni ogún lè wò. Níbi tí wọ́n bá ti fi ẹ̀sùn májèlé tàbí àjẹ́ kan ìyá ẹnì kan, tí wọ́n lé e jáde, tí ó sì kú sí ìlú mìíràn, fífi agbára mú àwọn ọmọ rẹ̀ wá jókòó sí ìpàdé nítorí òrùlé jẹ́ ìwà ìkà. Irú wọn ní ẹ̀tọ́ láti gba ìpín wọn nípasẹ̀ ìwé, kí wọ́n má sì wọ ilé náà mọ́, onílàjà gbọ́dọ̀ dáàbò bo ẹ̀tọ́ yẹn gẹ́gẹ́ bí ó ti ń dáàbò bo ìṣọ̀kan. Bákan náà ni ti opó. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ sọ ní 1997, nínú ẹjọ́ Akinnubi, pé nínú àṣà Yorùbá, opó kò ní ẹ̀tọ́ láti jogún ọkọ rẹ̀ tàbí láti bójú tó ohun tí ó fi sílẹ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tọ̀. Ìdájọ́ náà bá àṣà mu, ṣùgbọ́n ẹbí tí ó bá fi í lé obìnrin tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún bá ọkọ rẹ̀ ro oko jáde ti gbin ìjà fún àwọn ọmọ obìnrin náà, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ilé.

Ti àwọn ọmọbìnrin ni ó kù. Láti 1908, nínú ẹjọ́ ìdílé Mabinuori, ọkùnrin ará Èkó tí ó kú ní 1874 tí ó fi ọmọ méjìlá sílẹ̀, ni ilé ẹjọ́ ti gbà pé ọmọbìnrin lè di olórí ẹbí bí òun bá ni àgbà jùlọ nínú àwọn ọmọ tí ó kù, àwọn ìdájọ́ mìíràn láti 1924 wá sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀tọ́ ọmọbìnrin nínú ogún bàbá rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ọkùnrin. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí òfin ti sọ èyí, síbẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ agboolé ní àríwá Èkìtì, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pín ilẹ̀, wọ́n máa ń fún àwọn ọmọbìnrin ní owó àti aṣọ, wọn yóò sì sọ pé ilé ọkọ ni oko wọn wà. Nígbà tí ìsìnkú bá dé, àwọn ọmọbìnrin kan náà ni wọ́n máa ń gbé owó tí ó pọ̀ jù lé lórí. Ìdáhùn tí àwọn àgbà máa ń fún ni ni pé bí a bá fún ọmọbìnrin ní ilẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò gbé e lọ sí ìran mìíràn, ìbẹ̀rù náà kò sì jẹ́ aláìnídìí ní ibi tí ó jẹ́ pé ìran bàbá nìkan ni a fi ń ka ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun-ìní ẹbí tí a kò pín kò lè bá ẹnikẹ́ni lọ sí ibikíbi. Àwọn agboolé kan ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ àwọn ọmọbìnrin àti ti àwọn ọmọ wọn sínú ìwé ẹbí, wọ́n ń fún wọn ní ìpín nínú owó háyà àti ohùn nínú ìpàdé, láìgé ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ìwé ìpàdé irú ẹbí bẹ́ẹ̀ máa ń fi hàn pé àwọn ọmọbìnrin ni ó ń tètè san owó àtúnṣe, pé àwọn ni ó ń rántí ọjọ́ ìrántí bàbá, àti pé nígbà tí àwọn ọkùnrin méjì bá tún kọ ẹ̀yìn síra wọn, arábìnrin wọn ni ó máa ń gbé ọkọ̀ láti ilé ọkọ rẹ̀ wá bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀.